Irinṣẹ́ Dókítà àti Èémí Aláìsàn

Èémí ni ọba nínú ara. Ènìyàn lè gba ààwẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ó sì lè fi òùngbẹ sùn kí ó fi òùngbẹ jí, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ kò bá dé inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ́, láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni ọpọlọ rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń ṣe iṣẹ́-abẹ fún aláìsàn, ẹni tí ẹrù rẹ̀ wúwo jùlọ lè má jẹ́ ẹni tí ó mú abẹ lọ́wọ́, bí kò ṣe dókítà akunnilóorun. Oògùn rẹ̀ lè dá èémí aláìsàn dúró pátápátá, òun ni yóò sì máa fi ẹ̀rọ mí fún un títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ọ̀nà tí ó lè gbà ṣe èyí kò pọ̀. Ó lè fi ìbòmú rọ́bà bo imú àti ẹnu aláìsàn; ó lè ti túùbù gba ẹnu wọ inú ọ̀nà èémí; ó sì lè ki ìbòmú kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ọ̀fun. Bí gbogbo èyí bá kùnà, ohun kan ṣoṣo ni ó kù: kí ó fi abẹ dá ihò sí iwájú ọrùn, ní ìsàlẹ̀ gògóńgò, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ wọlé. Ìgbésẹ̀ yìí ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ dókítà fi lè ṣiṣẹ́ títí wọn yóò fi fẹ̀yìntì láìṣe é rí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2005, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin kan lọ fún iṣẹ́-abẹ kékeré ní imú. Lẹ́yìn tí wọ́n kùn ún lóorun, wọn kò rí ọ̀nà fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sí inú rẹ̀. Àwọn dókítà tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì rárá. Wọ́n gbìyànjú láti ti túùbù wọlé, wọ́n tún gbìyànjú, wọ́n sì tún gbìyànjú. Nọ́ọ̀sì kan gbé irinṣẹ́ tí a fi ń dá ọrùn lu wọlé, ó sì sọ fún wọn pé ó ti dé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó nawọ́ gbà á. Obìnrin náà kò jí mọ́. Ó kú lẹ́yìn ọjọ́ 13. Ọkọ rẹ̀, Martin Bromiley, jẹ́ awakọ̀ òfurufú. Ẹni tí a ó dá lẹ́bi kọ́ ni ó ń wá, bí kò ṣe ìdí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ tirẹ̀, bí bàálù bá já, kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni a ń yẹ̀ wò. A ń yẹ ibi tí wọ́n to ọwọ́ ìdarí àti iná ìkìlọ̀ sí wò pẹ̀lú. Ní ọdún 2007 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti mú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wọ ilé ìwòsàn.

Báwo wá ni a ṣe lè wádìí ọ̀rọ̀ yìí láìfi ẹ̀mí ènìyàn ṣeré? Ọmọlangidi ni a fi ń ṣe é. Láti nǹkan bí ọdún 1967 ni wọ́n ti ní ọ̀kan tí ń mí, tí ọkàn rẹ̀ sì ń lù, ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà, fún ìkọ́ni àwọn dókítà akunnilóorun. Lónìí, a ó tẹ́ ọmọlangidi sórí ibùsùn. Ẹni tí ó fara pamọ́ sí yàrá kejì yóò mú kí ahọ́n rẹ̀ wú, ohùn ẹ̀rọ yóò sì máa rẹlẹ̀ sí i bí ọ́síjìn ti ń dínkù. A ó máa ka ìṣẹ́jú, a ó sì máa wo ibi tí ọwọ́ dókítà ń lọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ohun kéékèèké ni ó sábà máa ń dènà iṣẹ́. Bí àyà bá já, ojú a máa fọ́ sí ohun tí ó wà nítòsí. Àpò ọ̀rá tí ó rọrùn láti fà ya ní ọjọ́ mìíràn a máa yọ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́ tí ó tutù. Irinṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tò pọ̀ a máa gba àkókò tí aláìsàn kò ní. Bí irinṣẹ́ bá pọ̀ nínú àpótí kan, ẹni tí ó ṣí i yóò dúró yàn. Lójú tèmi, àwọn tí ń ṣe irinṣẹ́ ní ẹ̀bi díẹ̀, nítorí wọn a máa ṣe ohun tí yóò wu ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sídìí tábìlì.

Ẹ wo ti ihò ọrùn. Dókítà púpọ̀ a máa yan abẹ́rẹ́ oníhò dípò abẹ, nítorí gígún kò bani lẹ́rù tó gígé. Ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá kan tí a tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2011 fi hàn pé abẹ́rẹ́ náà kùnà ju ìdajì ìgbà tí a lò ó lọ. Túùbù tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ lè ká, ó lè yọ kúrò ní ipò, ó sì tún ń fẹ́ ẹ̀rọ mìíràn tí yóò fi agbára ti ọ́síjìn gbà á. Nígbà tí ẹgbẹ́ Difficult Airway Society tún ìlànà wọn ṣe ní ọdún 2015, ohun mẹ́ta ni wọ́n fi lélẹ̀: abẹ kan, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó rọ̀, àti túùbù tí ọ̀pá náà yóò tọ́ sọ́nà. Kò sí èyí tí ó ṣàjèjì nínú wọn.

Kẹ̀kẹ́ irinṣẹ́ pẹ̀lú ń yí padà. Ní ibi tí wọ́n ti fi ọgbọ́n tò ó, àpótí òkè ni ti ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní, èyí tí ó tẹ̀lé e ni ti èkejì, títí dé ti abẹ. Gbogbo yàrá ilé ìwòsàn náà sì ní irú kan náà, kí ẹni tí wọ́n pè lóru láti yàrá mìíràn má baà máa wá nǹkan kiri. Irinṣẹ́ tí ó ní kámẹ́rà lẹ́nu tún wà, tí ń fi inú ọ̀fun hàn lójú ẹ̀rọ. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹnu nìkan ni ó ń rí i. Nísinsìnyí nọ́ọ̀sì rí i, ó sì lè sọ̀rọ̀.

Àléébù kan wà: ọrùn ọmọlangidi kì í ṣẹ̀jẹ̀, awọ rẹ̀ kò sì jọ ti ènìyàn. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ kan fi ń ra gògóńgò àgùntàn tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀ lọ́dọ̀ alápatà, kí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ bí ẹran ti ń rí lábẹ́ abẹ.