Ọwọ́ Ta Ni Àwọn Dókítà Wa Yóò Wò Kọ́ṣẹ́?

Ẹ̀yin ònkàwé wa, bí a bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kí ó lọ kọ́ṣẹ́, tí ọ̀gá kò sí nílé, tí ẹwìrì ti ya, tí irin kò sì sí nínú iná, ta ni a ó bá wí bí ọjọ́ ìyọ̀ǹda bá dé tí ọmọ náà kò lè rọ ọ̀bẹ? Ìbéèrè yìí ni ó wà lọ́kàn wa nípa àwọn dókítà tí ń kọ́ iṣẹ́ àgbà ní ilẹ̀ Nàìjíríà: àwọn tí ó ti gba oyè ìṣègùn tán, tí wọ́n tún padà lọ kọ́ iṣẹ́ abẹ, ìgbẹ̀bí, ìtọ́jú ọmọdé, ìwòsàn ojú, tàbí ẹ̀ka mìíràn tí ó gba òye tí ó jinlẹ̀.

Ìjà lórí òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́ ìṣègùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná láàrin wa. Ní ọdún 1930 ni ìjọba amúnisìn dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Yábàá. Kì í ṣe dókítà tí ó dá dúró ni wọ́n fẹ́ kí ó máa ti ibẹ̀ jáde. Igbákejì tí yóò máa dúró ti dókítà òyìnbó ni wọ́n ń wá. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún wọn kò sì níyì kọjá ilẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí Kọ́lẹ́jì Gíga Yábàá tún tọ ipa ọ̀nà kan náà, inú bí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀ ní 1934. Ta ni wọ́n fi ṣe ààrẹ? Dókítà ni, J. C. Vaughan, ẹni tí ó ti lọ kọ́ ìṣègùn ní Glasgow. Ohun tí ó ká wọn lára ni pé a ń fi òṣùwọ̀n kékeré wọn ẹ̀kọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ẹ jẹ́ kí á rántí èyí dáadáa, nítorí a ó tún padà sí i.

Kọ́lẹ́jì Yunifásítì dé sí Ìbàdàn ní 1948, wọ́n ṣí ilé-ìwòsàn ńlá UCH ní 1957, nígbà tí ó sì di 1960 àwọn tí ó kọ́ ìṣègùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní Ìbàdàn gba oyè. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá fẹ́ di dókítà àgbà ní láti wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ ni Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́ ní ẹ̀bá Ọ̀yọ́, ṣe kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà. Ó padà sílé ní 1962, òun sì ni oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní. Nígbà tí ó kú ní 1974, iṣẹ́ náà kò bá a wọ sàréè, nítorí ó ti fìdí ẹ̀ka náà múlẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn mìíràn sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ohun tí à ń pè ní kíkọ́ dókítà àgbà nìyẹn.

Láti pa ìrìn àjò yẹn kù ni a ṣe dá àwọn kọ́lẹ́jì tiwa sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ó di kọ́lẹ́jì ní 1973. Ti àwọn oníṣègùn tí kì í lo abẹ tẹ̀ lé e ní 1976. Ti orílẹ̀-èdè wa sì gba òfin ní 1979. Ìdánwò wọn le. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni pè é ní ìdánwò eré.

Níbo wá ni ìṣòro wà? Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ ọ́n jù wá lọ: ìdánwò ń wọn ẹ̀kọ́ ni, kò lè kọ́ni. Ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ kì í mọ́ṣẹ́ nínú ìwé. Ọmọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ dúró kí ó wò. Yóò ran ọ̀gá lọ́wọ́. Yóò wá mú abẹ nígbà tí ọ̀gá dúró tì í. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò tó dá a ṣe. Ìwé kan wà tí ó ń kọ gbogbo iṣẹ́ abẹ tí ó ṣe sí, tí ọ̀gá rẹ̀ yóò sì fọwọ́ sí. Bí iná bá kú, tí omi kò sí, tí dókítà tí ń fi oògùn kun aláìsàn lóorun sì ti lọ, kí ni ọmọ náà yóò kọ sínú ìwé rẹ̀? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ti bá ọkọ̀ òfuurufú lọ ńkọ́? Ọmọ iṣẹ́ tí ó kù yóò máa fi òru ṣe ọ̀sán lẹ́nu ìtọ́jú aláìsàn, kò sì ní rí àyè kàwé. Olówó wa sì ń gbé àìsàn tirẹ̀ lọ sí Íńdíà àti Ìlú Ọba, ìyẹn ni kò fi mọ bí ilé ṣe ń jò.

Ìjọba kò ṣàì ṣe nǹkan kan. Òfin ọdún 2017 lórí ìkọ́ṣẹ́ àwọn dókítà wọ̀nyí sọ pé kí a máa ya owó ẹ̀kọ́ wọn sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ 2021 ni àwọn dókítà náà da iṣẹ́ sílẹ̀, tí ó sì lé ní oṣù 2 kí wọ́n tó padà. Owó oṣù àti owó ẹ̀kọ́ yìí wà lára ohun tí ó fa ìjà. A kò fara mọ́ kí aláìsàn máa jìyà ìjà tí kò dá sílẹ̀. Síbẹ̀ a kò lè pe ẹni tí ń bèèrè ohun tí òfin fún un ní ọ̀dàlẹ̀.

Ní 1934, òyìnbó ni ó mú òṣùwọ̀n kékeré wá fún wa. Lónìí òṣùwọ̀n wà lọ́wọ́ wa. Àwọn kọ́lẹ́jì wọ̀nyí ń rán àwọn olùyẹ̀wò lọ sí ilé-ìwòsàn láti wò bóyá ọ̀gá, bẹ́ẹ̀dì, irinṣẹ́ àti aláìsàn tó fún ẹ̀kọ́. Kí wọ́n má ṣe wojú ẹnikẹ́ni. Ibi tí ọ̀gá kan ṣoṣo bá kù sí fún ọmọ iṣẹ́ 10, kí wọ́n dá ẹ̀kọ́ dúró níbẹ̀, kí wọ́n kó àwọn ọmọ náà lọ sí ibi tí ọ̀gá wà, kí ìjọba sì sanwó ilé wọn. Kí a tún bẹ àwọn ọmọ wa àgbà tí ó wà lókè òkun pé kí wọ́n máa wá fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọọdún kọ́ àwọn àbúrò wọn nínú yàrá iṣẹ́ abẹ gan-an, kì í ṣe nínú gbọ̀ngàn àsọyé. Bí àwọn aṣòfin bá sì tún gbé ìwé ìnáwó ọdún kalẹ̀, ẹ bá wa wá ojú ewé tí owó àwọn dókítà yìí wà, kí ẹ sì bi aṣojú yín léèrè iye tí ó ti dé ọwọ́ wọn nínú ti èṣí.