Ẹ Fi Bọ́tìnnì Náà Lé Ọmọ Lọ́wọ́! Ẹ̀kọ́ Tí Yàrá Ìtura Ń Kọ́ Òbí Ọmọ Ọlọ́tísíìmù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe yìí ni ó yẹ kí ó máa dún létí òbí tí ọmọ rẹ̀ ní ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ọ́tísíìmù. Ṣùgbọ́n kí ni a ń rí? Àwọn kan a ní emèrè ni, àwọn mìíràn a ní ayé ló ń bá a jà, ẹlòmíràn a sì mú pàṣán tì í. Irọ́ ni o! Ọ́tísíìmù kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ìkọ́kúkọ̀ọ́. Bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìró jẹnẹrétọ̀ tí a kò tilẹ̀ kà sí lè máa gún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ létí bí abẹ́rẹ́. Iná tí ń ṣẹ́jú tàbí aṣọ tí ń rin ín lára lè tó láti mú un figbe ta. Òmíràn sì wà tí í máa wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kiri, tí yóò tẹjú mọ́ fáànù tí ń yí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, láàárín ọdún 1970 sí 1979, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe yàrá ìtura tí wọ́n ń pè ní Snoezelen. Jan Hulsegge àti Ad Verheul wà lára àwọn tí orúkọ wọn kò ṣeé yọ sílẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀. Àwọn tí ọpọlọ wọn kò jí pépé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ọlọ́tísíìmù. Iná aláràbarà wà níbẹ̀, ọ̀pá gbọọrọ tí omi inú rẹ̀ ń hó, ẹní múlọ́múlọ́ àti orin jẹ́jẹ́.

Àmọ́ ẹwà yàrá nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cardiff, ní ilẹ̀ Wales, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ọmọ ọlọ́tísíìmù 41, láti ọmọ ọdún 4 dé 12. Nígbà kan, ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ń yan iná àti ìró tí ó wù ú. Nígbà mìíràn, àṣẹ yẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àṣẹ wà lọ́wọ́ ọmọ, ó túbọ̀ ń fọkàn sí ohun tí ó ń ṣe; ariwo, ọ̀rọ̀ àsọtúnsọ àti àṣetúnṣe ara rẹ̀ sì dínkù.

Yàrá yìí kì í mú ọ́tísíìmù kúrò o. Owó ńlá sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò gba owó. Ẹ wá igun kan nínú ilé, ẹ ta kọ́tìnnì sí i, ẹ tẹ́ ẹní, ẹ kó ohun tí ọmọ fẹ́ràn láti fọwọ́ kàn síbẹ̀, kí ẹ sì pa rédíò. Kí ó wọlé nígbà tí ó bá wù ú, kí ó sì jáde nígbà tí ó bá tó o. Ẹ má sọ ibẹ̀ di ẹ̀wọ̀n! Kí ẹ sì tètè mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ọmọ tí kò lè fẹnu sọ ohun tí ń dùn ún lè fọwọ́ ara rẹ̀ yan ohun tí ń tù ú. Ẹ jẹ́ kí á gbà á láyè.