Ọjọ́ kan péré pẹ̀lú bàbá: kí ló wà nínú fíìmù My Father's Shadow?

Ọmọ oṣù 20 ni Akinola Davies nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Wale, jẹ́ ọmọ ọdún 4. Ọmọ oṣù 20 kì í rántí ohùn. Kò lè sọ bóyá bàbá òun máa ń hùn kó tó dìde lórí àga, tàbí bó ṣe máa ń gba òun mọ́ra lọ́wọ́ ìyá òun. Àwọn ẹlòmíràn ló ń bá a rántí. Nígbà tí àwọn ọmọ ìyá méjèèjì dàgbà, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fíìmù, ohun tí wọn kò ní yìí gan-an ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́. Wọ́n bi ara wọn pé, ká ní a rí ọjọ́ kan lò pẹ̀lú rẹ̀, báwo ni ọjọ́ náà ì bá ti rí?

Ọjọ́ kan yẹn ni fíìmù My Father's Shadow, èyí tí a lè pè ní Òjìji Bàbá Mi. Wale ló kọ́kọ́ kọ ọ́ bí eré kúkúrú, tó fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀. Ó gbà wọ́n ju ọdún 10 lọ kó tó di fíìmù gígùn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n gbé e lọ sí àjọ̀dún sinimá Cannes nílẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ló ti di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wọ inú àwọn tí àjọ̀dún náà fúnra rẹ̀ yàn, láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1946. Àwọn adájọ́ tó ń fúnni ní Caméra d'Or, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe fíìmù gígùn rẹ̀ àkọ́kọ́, sì dárúkọ rẹ̀ fún ìyìn pàtàkì.

Ìtàn rẹ̀ kò le. Ọmọkùnrin méjì, Remi àti Akin, wà nílé, níbi tó jìnnà sí ariwo Èkó. Bàbá wọn, Folarin, tí kì í sábà gbélé, ṣàdédé yọ sí wọn. Ó ní kí wọ́n múra, Èkó ni àwọn ń lọ, òun fẹ́ lọ gba owó oṣù tí wọ́n jẹ òun. Wọ́n wọkọ̀, wọ́n rìn kiri ìlú, ilẹ̀ ṣú. Ọdún 1993 ni, oṣù Kẹfà ni, gbogbo ìlú sì ń retí èsì ìbò.

Mo mọ irú ìrìnàjò yẹn. Olùkọ́ ni bàbá mi. Adó-Èkìtì là ń gbé nígbà tí Èkìtì ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó jẹ́ pé Àkúrẹ́ ni gbogbo ìwé ń lọ. Wọ́n jẹ ẹ́ lówó oṣù, ó sì mú mi dání lọ́jọ́ kan tó fẹ́ lọ bèèrè rẹ̀. Ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ la gbà. Nígbà tí òkúta Olósùnta yọ, ó tọ́ka sí i láti ojú fèrèsé ọkọ̀, inú mi dùn bí ẹni ń lọ sóde ìyàwó. Ní Àkúrẹ́, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì kan. Wọ́n ní akápò lọ jẹun. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní ó ti gba báńkì lọ. Bàbá mi yìí, tí gbogbo ọmọ kíláàsì ń gbọ̀n bí wọ́n bá gbúròó bàtà rẹ̀, mo rí i tó dìde nílẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé fáìlì kọjá. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Mo yíjú sí ògiri.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè wo fíìmù yìí bí ẹni ń wo ti ẹlòmíràn. Ọmọ tó bá ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ gba owó ni yóò rí i pé níbi tí bàbá òun ti ń bẹ̀bẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé bàbá lẹni náà. Èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ 1993 nìkan ní tiwa níbí. Ní 2016, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Èkìtì da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù tí wọn kò rí gbà. Àwọn ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà ti di ọ̀dọ́ báyìí, wọ́n sì rántí ohun tí wọ́n jẹ àti ohun tí wọn kò jẹ.

Ó yẹ ká ṣàlàyé ọjọ́ tí wọ́n gbé ìtàn náà kà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka èyí ni a kò tíì bí nígbà náà. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, ni Nàìjíríà dìbò yan ààrẹ. M.K.O. Abíọ́lá ló dúró fún ẹgbẹ́ SDP, Bashir Tofa fún NRC. Ìjọba ológun Ibrahim Babangida ló ṣètò rẹ̀. Èsì tó ń jáde fi hàn pé Abíọ́lá ló ń borí, kì í sì í ṣe nílẹ̀ Yorùbá nìkan. Wọn kò kéde rẹ̀ tán. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ìjọba fagi lé ìbò ọ̀hún. Àárín ìrètí àti ìfagilé yẹn ni Folarin mú àwọn ọmọ rẹ̀ wọ Èkó, tí ṣọ́jà wà lójú títì, tí àwọn ènìyàn ń kóra jọ sídìí ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣọ̀n.

Níhìn-ín, gómìnà wa nígbà náà ni Bámidélé Olúmilúà, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tí ẹgbẹ́ SDP gbé wọlé sí Àkúrẹ́. Oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ni Sani Abacha gba ìjọba, tó sì lé gbogbo gómìnà kúrò. Ní 1994, wọ́n mú Abíọ́lá nítorí ó pe ara rẹ̀ ní ààrẹ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 1996, wọ́n yìnbọn pa ìyàwó rẹ̀, Kudirat, ní Èkó. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1996, ìjọba Abacha kan náà dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. A jó lójú títì Adó lọ́jọ́ náà, ayọ̀ wa sì tọ́, nítorí pé ó pẹ́ tí àwọn àgbà wa ti ń bèèrè fún un. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí púpọ̀ nínú wa dìbò fún ṣì wà ní àhámọ́, àhámọ́ náà ló sì kú sí, ní ọjọ́ 7 oṣù Keje 1998. Mo rò pé a kò tíì fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn tó nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ìpínlẹ̀ wa.

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, Babangida gbé ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní Àbújá. Níbẹ̀ ló ti wá gbà pé Abíọ́lá ló wọlé. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni fíìmù àwọn Davies dé Cannes. Wọ́n ti ya fíìmù wọn tán kí Babangida tó sọ ọ́. Gbèsè méjì ni Folarin rìn lọ gbà lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, owó rẹ̀ àti ìbò rẹ̀, fíìmù náà kò sì jẹ́ kí ọ̀kan yọ ara rẹ̀ kúrò lára èkejì. Ohun tó mú bàbá kúrò nílé ni wíwá owó. Ìlú tó ń wá owó náà lọ kò sì bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀ tàbí fún ìka tó fi tẹ̀ka.

Àwọn wo ló ṣe é? Àwọn tó ń gbọ́ orin ti mọ Wale Davies tẹ́lẹ̀. Òun ni Tec nínú ẹgbẹ́ olórin Show Dem Camp. Akinola ti ṣe fíìmù kúkúrú kan, Lizard, lórí ọmọdébìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan l'Ékòó, èyí tó gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́ fún fíìmù kúkúrú ní àjọ̀dún Sundance ní Amẹ́ríkà ní 2021. Sope Dirisu, tí wọ́n bí sí London, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló ṣe Folarin. Àwọn ọmọ méjèèjì, Godwin Egbo àti Chibuike Marvellous Egbo, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n ní tòótọ́. Èèyàn yóò mọ̀ ọ́n lójú wọn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní eré kò lè fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara wọn bí àwọn yẹn ṣe ń ṣe é.

Jermaine Edwards ló ya àwòrán rẹ̀. Kámẹ́rà tó lò kì í ṣe irú ti òde òní tó ń kó àwòrán sínú káàdì. Fíìmù 16mm ló lò, irú èyí tí wọ́n ń kì sínú kámẹ́rà, tí wọ́n á wá gbé lọ fọ̀ bí àwọn onífọ́tò ṣe ń fọ fíìmù láyé àtijọ́. Ó wọ́n, ó sì ń fẹ́ sùúrù, nítorí ohun tí o bá yà lónìí, ó di ìgbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ kó o tó rí i dáadáa. Ṣùgbọ́n wo àwọn fọ́tò tí ìyá rẹ kó sínú álíbọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n yà ní nǹkan bí 1990, tí pupa rẹ̀ ti ń rọ sí àwọ̀ yẹ́lò, tí ojú ọ̀run rẹ̀ kò funfun tán. Àwọ̀ yẹn ni fíìmù náà ní. Fún ọmọ tó jẹ́ pé inú fọ́tò nìkan ló ti mọ bàbá rẹ̀, àwọ̀ wo ni ì bá tún lò?

Owó rẹ̀ kò wá láti ilé nìkan. Fatherland, iléeṣẹ́ Funmbi Ogunbanwo ní Èkó, àti Element Pictures, níbi tí Rachel Dargavel ti ṣe alábòójútó, ni wọ́n jọ ṣe é. BBC Film àti BFI sì dá owó sí i láti Britain. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé Britain ló mú un gẹ́gẹ́ bí tiwọn fún ìdíje Oscar ti fíìmù ilẹ̀ òkèèrè. Òfin ìdíje náà ni pé èdè mìíràn gbọ́dọ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ní 2019, òfin yìí ló ká fíìmù Nàìjíríà, Lionheart ti Genevieve Nnaji, lọ́wọ́ kò, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Yorùbá, Pijin àti Gẹ̀ẹ́sì ló wà lẹ́nu Folarin àti àwọn ọmọ rẹ̀, bó ṣe wà lẹ́nu ìdílé gidi. Britain gbé fíìmù tí Yorùbá wà nínú rẹ̀ lọ bá àwọn adájọ́ ayé! Inú mi dùn sí i, ó sì dùn mí pé kì í ṣe àwa ló gbé e lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wá èyí tó jọ ọ́ níbòmíràn, Sweden ni kó lọ. Ní 1982, Ingmar Bergman, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ àlùfáà, tí wọ́n bí ní ìlú Uppsala ní 1918, ṣe Fanny och Alexander. Ọmọ méjì ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá wọn, tó ń ṣe eré orí ìtàgé, kú. Ìyá wọn fẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan tó rorò, ilé sì di ọgbà ẹ̀wọ̀n fún wọn. Láàárín gbogbo rẹ̀, Alexander ń rí bàbá rẹ̀ tó ti kú, nínú aṣọ funfun, tó dúró, tó ń wò ó, tí kò lè ṣe nǹkan kan. Oscar mẹ́rin ni fíìmù náà gbà ní 1984. Àwọn aláwọ̀ funfun kọ ìwé rẹpẹtẹ lórí òkú yẹn, pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá kò ní bèèrè bẹ́ẹ̀. A ń sọ ọmọ ní Babátúndé, a sì ń jáde lọ pàdé ará ọ̀run tí egúngún bá dé. Pé bàbá tó ti lọ lè padà wá lo ọjọ́ kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, kí ó sì tún pòórá, a mọ̀ ọ́n kí a tó mọ sinimá.

Eré lórí ilé àti ìdílé kò sì ṣàjèjì sí Èkìtì. Òkèmẹ̀sí ni wọ́n bí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sí ní 1925. Olùkọ́ ni òun náà kó tó di aláàrìnjò tí ń gbé ẹgbẹ́ eré rẹ̀ káàkiri, tó wá fi Òṣogbo ṣe ibùjókòó. Ìfẹ́ Owó, ọ̀kan nínú eré rẹ̀ tí wọ́n mọ̀ jù, dá lórí ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó kejì, tí owó sì da ilé rẹ̀ rú. Ní 1962 ó lo oṣù mẹ́fà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ibẹ̀ ló ti sọ ìwé Amos Tutuola di eré Ọ̀mùtí, tí Demas Nwoko ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé rẹ̀, wọ́n sì gbé e dé Algiers ní 1969. Ó kú ní 1973. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni Àjàní Ògún jáde, tí tíátà Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú fíìmù. Kò sí kámẹ́rà tó tẹ̀ lé Ògúnmọ́lá bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe ń rìn lórí ìtàgé, àfi kó wá àgbà tó rí i lójú.

Fíìmù àwọn Davies dé sinimá Nàìjíríà ní oṣù Kẹsàn-án 2025. Nígbà tí mo wò ó, ibi tí ọkàn mi lọ kì í ṣe Èkó. Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó ni, lálẹ́ ọjọ́ tí a kò rí akápò. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Ìjú. Ní Ìkẹ́rẹ́, ọkọ̀ dúró, ó ra bọ́ọ̀lì kan àti ẹ̀pà, ó fún mi ní gbogbo rẹ̀, ó ní òun ti jẹun ní ọ́fíìsì. A jọ wà ní ọ́fíìsì náà láti àárọ̀. Mo jẹ ẹ́ tán. Ó ní kí n sún mọ́ ojú fèrèsé kí n lè rí Olósùnta, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú, dúdú lásán la rí, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ di èjìká mi mú títí a fi dé Adó.