Abà Kòkó Tí Igbó Ń Gbà

Lọ́nà oko tó wọ inú egàn láti Ìsẹ̀-Èkìtì àti Èmùré, èèyàn á bá ilé amọ̀ tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ibi ìsákòkó tí koríko ti bò, àti igi kòkó tó ṣì ń so.

Kòkó ló sọ ahéré di abà. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ṣeé lọ wò láàárọ̀, kéèyàn sì padà sílé lálẹ́. Kòkó kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ká a, tí wọ́n fọ́ ọ, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà, wọ́n á wá sá a sóòrùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nítòsí tí yóò kó o bí òjò bá ṣú, tí yóò sì ṣọ́ olè. Bí àwọn àgbẹ̀ láti Ìlasà dé Ìkẹ́rẹ́ ṣe dẹni tó ń kó aya àtọmọ lọ gbé oko nìyẹn.

Síbẹ̀, ìlú ni wọ́n ń pè ní ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọdún, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sìnkú sí. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, ìlú ni ọ̀pọ̀ ọmọ abà ti lọ kàwé, lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Láti ibẹ̀, wọ́n gba Adó, Ìbàdàn àti Èkó lọ. Àwọn Àgàtú àti Ìgbìrà ló wá ń bá bàbá wọn ro oko. Ní 1986, ìjọba tú bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó ká, iye owó kòkó kò sì dúró sójú kan mọ́.

Ẹ̀rù ló ń lé àwọn tó kù. Ní January 29, 2024, àwọn agbébọn jí àwọn ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Èmùré. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gba ìdáǹdè. Bí àwọn agbébọn bá lè dá ọkọ̀ iléèwé dúró lójú títì, ta ni yóò fẹ́ẹ́ dá sun abà?

Lọ́dún yẹn gan-an ni tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 10,000 lọ́jà àgbáyé. Owó tí àwọn bàbá kò rí rí dé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ igi ti gbó, àrùn tó ń sọ èso di dúdú sì ń gbilẹ̀ lóko tí a kò bá fín lóòrèkóòrè.

Èkìtì dá ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020. Ọ̀nà oko ló yẹ kí wọ́n wà lásìkò ìkórè, láti October sí January, kí ìjọba ìbílẹ̀ sì tún àwọn ọ̀nà náà ṣe kí ọkọ̀ lè dé abà.