Ọmọ Tó Kéré Jù Ló Ń Wọn Ọ̀nà: Bí Ìdílé Ṣe Ń Múra Ìrìnàjò Ọkọ̀ Àjẹ̀ Lórí Adágún Inú Igbó



Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ohun èlò iṣẹ́ ni ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Apẹja ń fi í wá oúnjẹ òòjọ́ lórí ọ̀sà, ìyá ọlọ́jà ń fi í kó ẹrù láti Aguégué wá sí Àjàṣẹ́, àwọn ọmọ Ganvié sì ń fi í lọ sí ilé ìwé. Nítorí náà, ó lè ya àwọn kan nínú wa lẹ́nu láti gbọ́ pé ní Amẹ́ríkà àti ní Kánádà, bàbá àti ìyá ń fi owó ara wọn háyà ọkọ̀, wọ́n ń kó àwọn ọmọ sínú rẹ̀, wọ́n sì ń lọ pàgọ́ sínú igbó fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sí ọjà, tẹlifóònù kì í sì í sábà ṣiṣẹ́. Wọn kò lọ pẹja tà. Ìsinmi ni wọ́n ń wá, àti àyè láti jókòó pọ̀ bí ọmọ ìyá, láìsí ohun tí yóò pín ọkàn wọn níyà.

Àwọn ọmọ wa kan ti ń gbé ní ilẹ̀ wọ̀nyẹn báyìí, wọ́n sì ń tọ́mọ níbẹ̀. Ó dára kí a mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹni tí kò tilẹ̀ ní dé ibẹ̀ láéláé yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́, nítorí omi ni omi ń jẹ́ níbi gbogbo.

Ibi tí a ń sọ

Ibi tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Boundary Waters, ní àríwá ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà Kánádà. Igbó náà tóbi tó nǹkan bí 440,000 hẹ́kítà, adágún inú rẹ̀ sì lé ní 1,000. Àwọn ará Ojibwe ti ń fi ọkọ̀ rin omi wọ̀nyí tipẹ́tipẹ́. Nígbà òwò awọ ẹranko, àwọn ará Kánádà tó ń sọ Faransé ni wọ́n ń gba ibẹ̀ kó ẹrù. Òfin ọdún 1964 fi ibẹ̀ sábẹ́ ààbò gẹ́gẹ́ bí igbó tí a kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Òfin mìíràn ní ọdún 1978 sì dín ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kù gan-an. Lórí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn adágún náà lónìí, àjẹ̀ nìkan ni a fi ń wakọ̀.

Ilẹ̀ ló pín adágún kan sí èkejì. Nígbà tí ènìyàn bá dé etí omi, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò gbé ọkọ̀ rù, yóò sì gba ọ̀nà inú igbó títí dé omi kejì. Portage ni wọ́n ń pe ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ Faransé tí àwa náà mọ̀, tí àwọn aláàárù ìgbà náà fi sílẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ìrìnàjò yìí yóò ti dára tàbí bàjẹ́, inú ilé ni wọ́n ti ń pinnu rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àjẹ̀. Ìpinnu àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó kéré jù nínú ìdílé ni a ó fi wọn gbogbo nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀nà

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí bàbá tó lágbára jókòó ti àwòrán ilẹ̀, kí ó sì fi agbára ara tirẹ̀ wọn ọ̀nà. Rod ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà ìrùkọ̀ níbẹ̀. Rod kan tó mítà 5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn ọkọ̀ kan. Ọ̀nà tó bá jẹ́ rod 100 jẹ́ mítà 500. Ó dà bí ohun kékeré, àbí? Ẹ wò ó dáadáa. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ wúwo tó kìlò 20, èyí tí a fi alumíníọ̀mù ṣe sì tó kìlò 34. Àgọ́, oúnjẹ àti aṣọ tún wà níbẹ̀. Òbí méjì kò lè rù wọ́n tán lẹ́ẹ̀kan. Wọn yóò rù lọ, wọn yóò padà wá lọ́wọ́ òfo, wọn yóò sì tún rù lọ. Mítà 500 ti di 1,500. Bí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ mẹ́rin lóòjọ́, kìlómítà 6 ni wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn yẹn, lórí òkúta àti nínú ẹrẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣì kù: ta ni yóò dúró ti ọmọ ọdún márùn-ún létí omi nígbà tí bàbá àti ìyá bá ń rù lọ rù bọ̀? Ọmọdé kò gbọdọ̀ dá dúró létí omi, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Nítorí náà, ìdílé tó ní ọmọ kékeré ń yan adágún tí kò ní ọ̀nà ìrùkọ̀, tàbí tí ó ní ẹyọ kan péré tí kò gùn. Ibẹ̀ ni wọn yóò pàgọ́ sí fún gbogbo ọjọ́ náà, tí wọn yóò máa jáde láàárọ̀, tí wọn yóò sì máa padà sí ibùdó kan náà. Wákàtí mẹ́ta lórí omi ti tó fún ọmọdé lóòjọ́, kí wọ́n sì máa gúnlẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan kí ó lè na ẹsẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kí wọ́n lọ

Ìparí oṣù kẹrin tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ni yìnyín ń kúrò lójú àwọn adágún náà. Lẹ́yìn èyí ni kantíkantí ń dé, tí wọ́n ń bu ènìyàn jẹ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde, ẹ̀fọn sì ń tẹ̀ lé wọn ní oṣù kẹfà àti ìkeje. Oṣù kẹjọ ló rọ ìdílé lọ́rùn jù: omi ti lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, kòkòrò ti dín kù, àwọn ọmọ sì lè já èso kéékèèké inú igbó jẹ.

Ìwé àṣẹ ṣe pàtàkì. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án, iye ọ̀wọ́ ènìyàn tó lè gba ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wọlé lóòjọ́ ní òǹkà. Ìparí oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé náà sílẹ̀, ẹni tó bá sì fi falẹ̀ lè bá ọjọ́ tó wù ú pé ó ti kún. Ọ̀wọ́ kan kò gbọdọ̀ ju ènìyàn 9 àti ọkọ̀ 4 lọ.

Omi tútù kò mọ akíkanjú

Adágún Nokoué tiwa kò jìn, ọ̀pá atukọ̀ ń kanlẹ̀, omi rẹ̀ sì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ti ọ̀hún jìn, ó sì tutù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gordon Giesbrecht ti ilé ẹ̀kọ́ gíga Manitoba ní Kánádà, tó ti pẹ́ nídìí ìwádìí otútù, ń fi òǹkà mẹ́ta kọ́ àwọn ènìyàn: 1, 10, 1. Ẹni tó bá já sínú omi tó tutù gan-an ní ìṣẹ́jú 1 láti fi kápá èémí rẹ̀ tó ń sáré. Lẹ́yìn náà, ó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ṣì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó sì tó wákàtí 1 kí otútù tó mú iyè rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹ̀wù ìléfòó lára rẹ̀, kò ní rí wákàtí náà lò, nítorí pé nígbà tí apá bá ti kọ iṣẹ́, rírì ló kù.

Òfin Minnesota pàṣẹ pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 wọ ẹ̀wù ìléfòó nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Ẹ máà jẹ́ kó mọ sọ́dọ̀ ọmọ nìkan. Ohun tí bàbá bá tẹ́ sí ìdí bí àga ni ọmọ yóò bọ́ sílẹ̀ lọ́la. Ilé ni kí a ti wọ̀ ọ́ wò: ẹ dì í dáadáa, ẹ di èjìká ẹ̀wù náà mú, ẹ fà á sókè. Bí ó bá yọ dé àgbọ̀n ọmọ, ó tóbi jù, kò lè gbà á là. Lẹ́yìn náà, níbi tí omi kò ti jìn, tí oòrùn sì mú, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ dojú ọkọ̀ dé lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ lè mọ̀ pé ọkọ̀ ni kí ó dì mú, kí ó má sì ṣe gbìyànjú láti lúwẹ̀ẹ́ lọ sí èbúté.

Afẹ́fẹ́ sábà máa ń le lọ́sàn-án, nítorí náà òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí a rìn, kí a sì máa tọ etí omi. Bí àrá bá sán, kí gbogbo wọn gúnlẹ̀ kíá. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1999, ìjì kan wó àìmọye igi nínú igbó yìí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti túbọ̀ ń tẹnu mọ́ ọn pé, kí ènìyàn tó nà àgọ́, kí ó kọ́kọ́ gbójú sókè wò bóyá igi gbígbẹ kan ń dúró de orí rẹ̀.

Ẹrù àti oúnjẹ

Agolo àti ìgò oúnjẹ kò gbọdọ̀ wọ inú igbó náà. Oúnjẹ gbígbẹ ni wọ́n ń kó: ìrẹsì, ẹja gbígbẹ, ẹ̀pà. Gààrí wa dára fún un, ó fúyẹ́, kò sì béèrè iná. Kí wọ́n se omi adágún kí ó hó kí wọ́n tó mu ún. Aṣọ onírun àgùtàn ń mú ara gbóná bí ó tilẹ̀ rin, ṣùgbọ́n òwú tó bá ti rin ń fa otútù mọ́ra. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní aṣọ gbígbẹ kan nínú àpò tí omi kò lè wọ̀.

Béárì wà nínú igbó yẹn, imú rẹ̀ sì mú. Wọ́n ń fi okùn so oúnjẹ kọ́ sókè láàárín igi, jìnnà sí àgọ́, tàbí kí wọ́n tì í sínú àgbá líle. Súwíìtì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ bá ọmọ wọ àgọ́ sùn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọṣẹ ìfọyín. Ibi tí ìjọba ti ṣe àyè iná àti ṣálángá sí nìkan ni a ti ń pàgọ́. Kí a da omi sí iná títí eérú yóò fi tutù lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́, kí a sì kó gbogbo ìdọ̀tí wa padà wálé.

Iṣẹ́ kálukú

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣa igi wẹ́wẹ́, kí ó sì gbé àpò kékeré tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè di àwòrán ilẹ̀ mú, kí ó máa ka erékùṣù. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lè jókòó síwájú ọkọ̀ kí ó wa àjẹ̀. Kí fèrè wà lọ́rùn gbogbo wọn: ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ń fọn ọ́n bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó bá ṣìnà, kí ó dì mọ́ igi kan, kí ó má ṣe kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi wá a rí.

Kí wọ́n tó kúrò nílé, kí wọ́n fi ìwé sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fọkàn tán: ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé, adágún tí wọn yóò sùn sí, ọjọ́ tí wọn yóò dé, àti ẹni tí a ó ké sí bí wọn kò bá dé. Kí wọ́n sì jọ ṣe àdéhùn kan: ẹnikẹ́ni tí ẹ̀rù bá bà, ì báà ṣe ọmọ tó kéré jù, lè sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká dúró," kò sì sí ẹni tí yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Akọni tó mọ ìjà, tí kò mọ ìsá, ní í bá ogun lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ìtìjú láti padà ló ń pa ènìyàn ju omi lọ.

Àwa tí ọ̀sà wà lẹ́nu ọ̀nà wa ńkọ́? Nígbà tí a bá ń kó àwọn ọmọ kọjá omi lọ síbi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, ẹ jẹ́ ká béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ atukọ̀ kí a tó wọlé: ẹni mélòó ni ọkọ̀ yìí lè gbà? Báwo ni afẹ́fẹ́ òní ti rí? Ẹ̀wù ìléfòó èwo ló bá ọmọ yìí mu? Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, ẹ jẹ́ ká dúró de ọkọ̀ mìíràn. Àwọn tó ń retí wa ní òdì kejì kò ní bínú bí a bá pẹ́ dé.