Bẹ́ẹ̀dì Tó Ṣófo: Ta Ló Yẹ Kó Sùn Síbẹ̀?

Ìbéèrè kan sábà máa ń wáyé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀: "Alhaji, ikọ́ ife ni wọ́n bá lára ẹni wa. Ṣé ká gbé e lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n dá a dúró ni?" Láti Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, ìrìn àjò yẹn kì í ṣe kékeré fún ẹni tí èémí rẹ̀ kò tó.

Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ oṣù ni alárùn ikọ́ ife ń lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1956 ní Madras, ilẹ̀ Íńdíà, ló yí èrò náà padà: àwọn tó lo oògùn láti ilé gbádùn bíi ti àwọn tó sùn sí ọsibítù, ará ilé wọn kò sì kó o ju ti àwọn yòókù lọ. Oògùn ló ń wo ikọ́ ife, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì. Oṣù mẹ́fà ni, ọ̀fẹ́ sì ni nílé ìwòsàn ìjọba.

Ta wá ni bẹ́ẹ̀dì wà fún? Ẹni tó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó nílò ọ́síjìn. Ọmọ tí òtútù àyà mú, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń wọnú bó ti ń mí. Àti díẹ̀ nínú àwọn tí ikọ́ ife wọn kò gbọ́ oògùn. Nígbà tí UCH Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú irú èyí ní 2010, wọ́ọ̀dù ni aláìsàn ń gbé fún oṣù gbọọrọ nítorí abẹ́rẹ́. Oògùn oníhóró tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2022 ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ lè parí ìtọ́jú láàárín oṣù mẹ́fà láti ilé. Bẹ́ẹ̀dì wọn ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ti àrùn kan títí láé. Ní 2020, Agbami Chest Centre ní Jericho, Ìbàdàn, di ibi ìtọ́jú kòrónà. Nítorí náà, bí wọ́ọ̀dù kan bá ṣófo nítòsí wa, ó lè gba alárùn ẹ̀dọ̀fóró, bí nǹkan mẹ́rin bá pé: fèrèsé tó kọjú síra kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ kọjá, ẹ̀rọ ọ́síjìn àti iná tí kì í lọ, nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ náà, àti yàrá ọ̀tọ̀ fún oníkọ́ ife, kí ó má baà ran alásímà àti ọmọdé. Jámáà tó ń wá sàráà járíyà lè fi ẹ̀rọ ọ́síjìn àti sólà ṣe é.

Nílé ńkọ́? Ẹ ṣí fèrèsé, àní lásìkò ọyẹ́. Ẹ bo ẹnu bí ẹ bá ń wúkọ́ tàbí sín, gẹ́gẹ́ bí Ànábì (S.A.W.) ti fi kọ́ wa. Ikọ́ tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò. Ẹ má dá oògùn dúró nítorí ara ti yá. Ẹ má sì yẹra fún aláìsàn bí ẹni tó dẹ́ṣẹ̀. Ẹ rán an létí oògùn rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà. Āmīn.