Ọmọ Tí Ẹ̀rù Ń Bà Kì Í Ṣe Ọ̀lẹ

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ kí a tó di olùkọ́, mímọ inú ọmọ ni ó ṣòro jù. Ọmọ kan yóò jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì. Bí a bá pe orúkọ rẹ̀, kò ní dáhùn. Bí ó bá sì di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, inú rírun ni. Olùkọ́ a ní ọ̀lẹ ni, àwọn ará ilé a ní ayé ni ó ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè jẹ́ àìsàn ìpayà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọmọ 7 tí ó wà láàrin ọdún 10 sí 19, ẹnì 1 ní àìsàn kan ní ti ọpọlọ àti ìrònú, ìpayà sì wà lára èyí tí ó wọ́pọ̀ jù.

Kì í ṣe pé ẹ̀rù burú. Òun ni ó ń mú wa sá fún ejò. Ṣùgbọ́n bí ejò bá ti lọ tí ẹ̀rù kò lọ, tí ó ń bá ọmọ sùn tí ó sì ń bá a jí fún oṣù púpọ̀, àìsàn ni ó dà. Ara ni ó sì sábà máa ń gbà fara hàn: àyà a máa já, orí a máa fọ́, oorun a sì máa dá. Ní ọdún 1960, dókítà Raymond Prince kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí wọ́n ń sọ pé orí ń gbóná, pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, àti pé ohun tí àwọn ń kà kò wọlé mọ́.

Ìpayà kì í sábà dá rìn. Ọmọ tí ń bẹ̀rù ènìyàn yóò fi eré sílẹ̀, yóò pàdánù ọ̀rẹ́, lẹ́yìn náà ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn yóò wọlé, yóò sì máa rò pé òun kò wúlò. Òmíràn a máa fi ọtí tàbí igbó wá ìtura. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan tí kò wo èkejì, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

Ní abúlé, ilé ìwòsàn lè jìnnà, oníṣègùn ọpọlọ a sì ṣọ̀wọ́n. Olùkọ́ ni ó lè kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n abúlé ní agbára tirẹ̀. Ní ọdún 1954, dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, Abẹ́òkúta, nínú èyí tí àwọn aláìsàn ń bá ẹbí wọn gbé ní àwọn abúlé ìtòsí, tí wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú. Ìbátan àti aládùúgbò di apá kan ìwòsàn.

Kí ni àwa olùkọ́ lè ṣe? Kí a kọ́kọ́ rán ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, bóyá ara ni kò dá. Kí a pè é sí kọ̀rọ̀, kí a bi í léèrè pẹ̀lẹ́. Kí a má fi ipá mú un dúró níwájú kíláàsì, síbẹ̀ kí a má yọ̀ǹda rẹ̀ títí láé, nítorí gbogbo ìgbà tí ó bá sá tí ó sì rí ìtura ni ẹ̀rù ń lágbára sí i. Kí ó kàwé sí àwa nìkan létí lónìí, sí ọ̀rẹ́ méjì létí ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí ó tó kan gbogbo kíláàsì. Irú ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ yìí ni àwọn oníṣègùn ń lò. Bí ó bá sì sọ pé ikú yá ju ayé lọ, kí a má kà á sí àwàdà: kí a má fi òun nìkan sílẹ̀, kí a sì sọ fún òbí rẹ̀ àti oníṣègùn ní ọjọ́ náà gan-an.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, fún ọmọ tí ìpayà ń dà láàmú, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ó kọ́kọ́ nà.